Ẹni Tí Ó Fi Ìwé Ránṣẹ́ Ń Retí Èsì

Ẹ̀kọ́ lórí ìtọ́jú lẹ́tà àti íméèlì nínú ẹ̀kọ́ ìfìwéránṣẹ́

Bíbélì fún kíkà: Jeremáyà 29:1–14, Róòmù 16:1–2 àti 22, Kólósè 4:7–18, 2 Tẹsalóníkà 3:17

ÌFÁÀRÀ

Nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, àwọn kan wà tí iṣẹ́ olùkọ́ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn, bí wọn kò tilẹ̀ dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé mọ́. Wọ́n ń bá ìjọ wọn máàkì ìwé ìdáhùn àwọn tí ń kọ́ Bíbélì nípa ìfìwéránṣẹ́. Àwọn ni a kọ ẹ̀kọ́ yìí fún ní pàtàkì, àti ẹnikẹ́ni tí ó bá ní í lọ́kàn láti dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ẹ̀kọ́ ìfìwéránṣẹ́ ni ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe láìrí ojú ara wọn. Olùkọ́ a fi ẹ̀kọ́ kìíní ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ a kà á, a dáhùn, a sì dá ìdáhùn padà. Olùkọ́ a yẹ̀ ẹ́ wò, a tọ́ ọ sọ́nà, a sì fi ẹ̀kọ́ kejì ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí tí a ó fi parí, tí a ó sì fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí i.

Àwọn àgbà wa ní, ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú kíláàsì, olùkọ́ a máa rí ọmọ tí ó fajú ro nítorí pé ọ̀rọ̀ kò yé e, a sì tún un ṣàlàyé. Nínú ẹ̀kọ́ ìfìwéránṣẹ́, kò sí ojú níbẹ̀. Ìwé nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ rí. Nítorí náà, bí a bá ti tọ́jú ìwé náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi mọ irú ojú tí a fi ń wò ó. Bí èsì bá pẹ́, yóò rò pé a kẹ́yìn sí òun. Bí orúkọ rẹ̀ bá ṣì, yóò rò pé a kò mọ òun. Bí a bá fèsì ní kánmọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyànjú, yóò mọ̀ pé ẹnìkan wà níbi kan tí ó ka òun sí ènìyàn. Ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí olùkàwé wa mú lọ nìyí: èsì kì í ṣe ohun tí ó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́, ara ẹ̀kọ́ ni.

1. ÀROKÒ ÀTI ÉPÍSTÉLÌ

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti mọ bí a ti ń bá ẹni tí ó jìnnà sọ̀rọ̀. Wọn a fi àrokò ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ fún ẹni tí ó gbà á pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà mọ́ ọn, nítorí pé ẹ̀fà àti fífà bá ara wọn mu létí. Owó ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ, pé ohùn wọn ṣọ̀kan, nítorí ẹ̀jọ àti jíjọ. Ọwọ́ ẹni tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé ni a ń fi àrokò lé. Ìránṣẹ́ kì í fi kún un, kì í sì í yọ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó sì gbà á mọ̀ pé dídákẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé àìfèsì pàápàá a máa di èsì, kì í sì í ṣe èsì rere.

Nígbà tí ìhìnrere dé, a rí i pé àwọn ará ìgbàanì náà mọ iyì ìwé tí a fi ránṣẹ́. Nínú èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, ọ̀rọ̀ tí Bíbélì wa pè ní épístélì àti èyí tí ó pè ní àpọ́sítélì jáde láti inú gbòǹgbò kan náà, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ ríránni níṣẹ́. Àpọ́sítélì ni ènìyàn tí a rán. Épístélì ni ìwé tí a rán. Ìwé tí ó kúrò lọ́wọ́ wa ti di ìránṣẹ́ wa nìyẹn. Níbi tí ẹsẹ̀ wa kò lè dé, òun ni yóò dúró fún wa, yálà ó wọ aṣọ tí ó mọ́ tàbí èyí tí ó dọ̀tí.

2. ÀPẸẸRẸ LÁTI INÚ ÌWÉ MÍMỌ́

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ mẹ́rin.

Èkínní ni ti Jeremáyà. Àwọn ọmọ Júdà wà ní ìgbèkùn ní Bábílónì, wòlíì sì wà ní Jerúsálẹ́mù. Kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó kọ ìwé, ó sì fi lé Élásà àti Gemaráyà lọ́wọ́, àwọn tí ọba Júdà ń rán lọ sí Bábílónì. Ó lo ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ rẹ̀. Ìwé náà kò kún fún ọ̀rọ̀ gíga. Ó sọ fún àwọn òǹdè pé kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n fẹ́ ìyàwó, kí wọ́n sì gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà. Ẹni tí ó wà ní ìgbèkùn rí i pé Ọlọ́run mọ àdírẹ́sì òun.

Èkejì ni ti ìjọ Kọ́ríńtì. Wọ́n kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí Pọ́ọ̀lù. Bí a bá ka Kọ́ríńtì Kìíní láti orí keje lọ, a ó rí i pé léraléra ni àpọ́sítélì náà ń lo gbólóhùn kan náà láti bọ́ sí orí ọ̀rọ̀ mìíràn: ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ ẹran tí a fi rúbọ sí òrìṣà, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ẹ̀mí, ọ̀rọ̀ owó ìrànlọ́wọ́. Ó dà bí ẹni tí ó gbé lẹ́tà wọn síwájú, tí ó ń dáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò fi ìwàásù tí ó wà lọ́kàn ara rẹ̀ rọ́pò ìbéèrè wọn.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn òṣìṣẹ́ ìwé. Tẹrtíù ni ó di kálàmù mú fún Pọ́ọ̀lù nígbà tí a kọ ìwé Róòmù, ó sì fi ìkíni tirẹ̀ kún un. A yin Fébè, ìránṣẹ́ ìjọ Kẹnkíríà, fún àwọn ará Róòmù. Ọ̀pọ̀ àwọn olùkọ́ Bíbélì sì gbà pé òun ni ó mú ìwé náà lọ. Tíkíkù àti Ónẹ́símù ni a rán sí Kólósè, kí wọ́n lè fi ẹnu sọ èyí tí ìwé kò sọ tán. Iṣẹ́ ìwé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn. Orúkọ àwọn tí ó ṣe é wà nínú Bíbélì.

Ẹ̀kẹrin ni ti àmì. Ó hàn nínú 2 Tẹsalóníkà 2:2 pé ó ṣeé ṣe kí ìwé èké tàn kálẹ̀ ní orúkọ Pọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ní ìparí ìwé náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkíni, ó sì sọ pé èyí ni àmì òun nínú gbogbo ìwé. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ àmì yìí nígbà tí a bá dé orí íméèlì.

3. ÀWỌN TÍ ÌWÉ GBÉ DÉ IBI GÍGA

Ní ọdún 1840, tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ owó ìfìwéránṣẹ́ di pẹ́nì kan káàkiri ilẹ̀ wọn, Isaac Pitman bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ránṣẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn ní ṣọ́táàǹdì láti ìlú Bath. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a fi ṣọ́táàǹdì da ẹsẹ Bíbélì kọ, wọn a fi í ránṣẹ́ sí i, òun a tún un ṣe, a sì dá a padà. Ìwé títà ti wà ṣáájú àkókò náà. Ohun tí ó sọ ti Pitman di ilé-ẹ̀kọ́ ni títún tí ó ń tún un ṣe tí ó sì ń dá a padà. Ní 1858, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò sí nínú ọgbà ilé-ìwé kankan, ọ̀nà sì là fún àwọn tí ó wà ní òkèèrè.

Ọ̀nà náà dé ọ̀dọ̀ wa. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń dá kàwé nílé, kí ó tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ òfin. Nelson Mandela ka ìwé òfin nípa ìfìwéránṣẹ́ nínú ẹ̀wọ̀n, ó sì gba oyè LL.B. láti Yunifásítì Gúúsù Áfíríkà ní 1989, nígbà tí a kò tíì dá a sílẹ̀. Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀ ní 1974. Ìjọba àpapọ̀ dá National Open University sílẹ̀ ní 1983, wọ́n dá a dúró ní 1984, wọ́n sì tún jí i dìde ní 2002. Lónìí ó ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n kan pàápàá.

Àwọn ènìyàn ńlá ni a dárúkọ yìí, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń retí èsì, akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń kọ̀wé sí wa: ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ tí ń kàwé lẹ́yìn tí ọ̀gá ti pa ṣọ́ọ̀bù dé, nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ó dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ọkùnrin tí ó wà lẹ́yìn ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ará ilé kò bẹ̀ wò. A kò mọ ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò dà. A mọ̀ pé bí a bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni yóò ti jókòó sí.

4. LẸ́TÀ TÍ Ó GBA ILÉ ÌFÌWÉRÁNṢẸ́ WÁ

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ti wà ní Èkó láti 1852, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tíì parí. Ọ̀pọ̀ òǹdè kò ní fóònù lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ abúlé kò sì ní ìtàkùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ó dúró. Kí a má ṣe ti ilẹ̀kùn yìí nítorí pé òmíràn ti ṣí. Ìlànà tí ó yẹ kí a máa tẹ̀lé nìyí.

Kí àpótí ìfìwéránṣẹ́ jẹ́ ti iṣẹ́ náà, kì í ṣe ti ènìyàn kan. A máa ń ṣí àlùfáà láti ìjọ kan lọ sí òmíràn. Bí àdírẹ́sì bá jẹ́ tirẹ̀, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa lé e káàkiri. Kí a yan ọjọ́ tí a ó máa lọ yẹ àpótí náà wò, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó kàn sílẹ̀.

Kí ènìyàn méjì jọ máa ṣí lẹ́tà. Èyí ń dáàbò bo àwọn tí ó kọ ọ́, ó sì ń dáàbò bo àwa náà, nítorí àwọn mìíràn a máa fi owó sínú lẹ́tà láìka ìkìlọ̀ sí. Kí a gbá ìdí àpò lẹ́tà náà mọ́lẹ̀ kí ìwé inú rẹ̀ lè sún kúrò lójú ibi tí a ó gé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ àpò lẹ́tà nù kí a tó wo ẹ̀yìn rẹ̀ àti iwájú rẹ̀. Nígbà mìíràn ara rẹ̀ nìkan ni àdírẹ́sì wà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a tẹ òǹtẹ̀ ọjọ́ tí ó dé sí i lára, kí a sì kọ nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ sórí ewé ìwé kọ̀ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ má baà da ti Adéyẹmí pọ̀ mọ́ ti Adéyẹmí mìíràn.

Nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ láàárín wa. Orúkọ kò tó láti fi dá ènìyàn mọ̀. Táíwò àti Kẹ́hìndé inú ilé kan náà lè jọ máa ṣe ẹ̀kọ́ kan náà. Obìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní omidan lè parí pẹ̀lú orúkọ ọkọ. Ogójì ènìyàn lè máa lo àpótí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo. Kí a fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti ìgbà ẹ̀kọ́ kìíní, kí a sì kọ ọ́ sí gbogbo ìwé tí a bá fi ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà má ṣe rọ́pò orúkọ nínú ìkíni. A kì í kí nọ́ńbà. Ènìyàn ni a ń kí.

Nígbà tí a bá ń máàkì, kí a lo kálàmù tí omi kò lè fọ̀, nítorí òjò a máa bá ìwé lójú ọ̀nà. Kí a má ṣe fi àmì àṣìṣe sílẹ̀ láìsọ ibi tí òtítọ́ wà. Ẹ tọ́ka sí ẹsẹ Bíbélì tí yóò tún kà. Kí a kọ gbólóhùn kan, ó kéré tán, tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Kí a fi ìdáhùn tí a ti máàkì àti ẹ̀kọ́ tí ó kàn sínú àpò kan náà, kí sítáǹpù kan lè gbé méjèèjì lọ. Kí a sì wọn àpò náà kí a tó lẹ sítáǹpù, kí lẹ́tà má baà dúró lójú ọ̀nà nítorí pé owó orí rẹ̀ kò pé.

5. ÍMÉÈLÌ

Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti wọ ilẹ̀ wa lọ́pọ̀ yanturu lẹ́yìn 2001, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń fi íméèlì dá ìdáhùn padà. Ó yá, kò sì béèrè sítáǹpù. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà lè jókòó nílé wọn kí wọ́n sì bá wa kẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yá náà a máa tètè sọnù.

Gẹ́gẹ́ bí ti àpótí ìfìwéránṣẹ́, kí iṣẹ́ náà ní àdírẹ́sì íméèlì tirẹ̀. Kí ènìyàn méjì mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, kí a má sì ṣe kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì. Kí a fi ètò ìdánimọ̀ ẹlẹ́ẹ̀mejì kún un, èyí tí ń béèrè nọ́ńbà tí a fi ránṣẹ́ sórí fóònù kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí a yí pásíwọ́ọ̀dù padà ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí yóò kọ sí ìlà àkọlé: nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ rẹ̀, àti nọ́ńbà ẹ̀kọ́. Kí íméèlì kan gbé ẹ̀kọ́ kan. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kọ ìdáhùn tí ó sì fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, kí ó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ó sì kọ nọ́ńbà ojú ìwé sókè kí ó tó yà á. Kí ó má ṣe fi fọ́tò ogún ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gmail, fún àpẹẹrẹ, kì í gbà ju mẹ́gábáìtì 25 lọ nínú íméèlì kan, dátà sì gbówó lórí. Kí àwa náà rántí èyí nígbà tí a bá ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́: fáìlì tí ó kéré tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ hàn kedere sàn ju èyí tí ó kún fún àwòrán aláràbarà lọ.

Tí a bá ń kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, kí a fi àdírẹ́sì wọn sí ìlà BCC, níbi tí ẹnìkan kò ti ní rí ti ẹnìkejì. Àwọn kan ń kọ́ Bíbélì nínú ilé tí a kò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ Jésù. Bí a bá tú orúkọ wọn síta nípa àìbìkítà, ìyà lè jẹ wọ́n nítorí wa. Kí a máa yẹ àpò spam wò lójoojúmọ́, nítorí lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ tuntun a máa ṣubú sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì tí a fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nìyí. Àwọn ẹlẹ́tàn lè fi orúkọ iṣẹ́ wa kọ̀wé, kí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi owó ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́. Bí ẹ̀kọ́ wa bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí a tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀kọ́ kìíní gbangba pé a kò ní í béèrè owó nípa íméèlì láéláé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ àdírẹ́sì kan ṣoṣo tí a ń lò àti orúkọ ẹni tí ń máàkì ìwé rẹ̀. Kí àwa náà má ṣe tẹ ìlà tí ẹni tí a kò mọ̀ fi ránṣẹ́.

Ohun kan kù tí ó kan èdè wa. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń tẹ Yorùbá lórí fóònù láìsí àmì ohùn, láìsí ààmì ìsàlẹ̀. Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ pé Jésù sùn nínú “oko” nígbà tí ìjì dé, kí ẹni tí ń máàkì má ṣe fa igi pupa sí i. Fóònù ni kò ní àmì. Inú ọkọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fi Olúwa sí, kì í ṣe inú oko àgbàdo. Ìfẹ́ a máa ka ohun tí ẹnìkejì ní lọ́kàn.

Àti ní ìkẹyìn lórí èyí: íméèlì a máa dán ènìyàn wò láti fèsì pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tí ó kọ lẹ́tà ìbínú láyé àtijọ́ ní láti wá àpò lẹ́tà, kí ó wá sítáǹpù, kí ó sì rìn dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọkàn rẹ̀ lè rọ̀ lójú ọ̀nà. Íméèlì kò ní irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Kí a ṣe é fúnra wa: èsì tí ó bá le, kí ó sùn di òwúrọ̀.

6. ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀ KAN ṢOṢO

Àṣìṣe tí ó rọrùn jù lọ ni kí lẹ́tà ní rẹ́jísítà tirẹ̀, kí íméèlì sì ní tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ẹ̀kọ́ kejì ránṣẹ́ nípa póòsì lè fi ìkẹta ránṣẹ́ nípa íméèlì nígbà tí ó bá dé ìlú. Ìwé àkọsílẹ̀ méjì yóò sọ ọ́ di ènìyàn méjì. Kí rẹ́jísítà jẹ́ ọ̀kan, kí ó sì ní ìlà wọ̀nyí: nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ, ẹ̀kọ́ tí ó dé, ọ̀nà tí ó gbà dé, ọjọ́ tí ó dé, ẹni tí a fún láti máàkì, ọjọ́ tí èsì jáde. Yálà inú ìwé ńlá ni tàbí inú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀dà kejì wà níbòmíràn.

Ìlà tí ó kẹ́yìn ni kí a máa wò jù. Níbi tí ọjọ́ àbọ̀ wà tí ọjọ́ èsì kò sí, ẹnìkan ń dúró níbẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí íméèlì gba ìdáhùn kúkúrú láàárín ọjọ́ méjì pé ó ti dé, kí ìwé tí a ti máàkì sì jáde láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ìbáà ṣe nípa póòsì tàbí íméèlì. Bí a kò bá lè ṣe é nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, kí a wá àwọn olùrànlọ́wọ́ kún un kí a tó gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Kí a sì má ṣe fi àwọn tí ń lo íméèlì ṣáájú nítorí pé tiwọn rọrùn. Ẹni tí ó wá sítáǹpù rà ti ṣe làálàá ju ẹni tí ó tẹ fóònù lọ.

7. OHUN TÍ Ó WÀ LÁBẸ́ ÌDÁHÙN ÌKẸYÌN

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti máàkì ìwé yìí pẹ́ mọ̀ pé lẹ́tà gan-an sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìdáhùn parí. Ní àlàfo ìsàlẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ ọ́ pé ọkọ òun ti lọ, pé ọmọ òun kò gbádùn, pé òun kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run lè dárí ji irú òun. Kò bi wá níbẹ̀ pé kí a fún òun ní máàkì. Ó ń béèrè bóyá ènìyàn wà níbẹ̀.

Kí a ṣe bí Hesekáyà, tí ó tẹ́ ìwé tí ó dààmú ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Olúwa. Lẹ́yìn náà, kí a fèsì sí ọ̀rọ̀ náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí Pọ́ọ̀lù ti ṣe fún Kọ́ríńtì. Kí a má ṣe sọ ọ́ di àpẹẹrẹ nínú ìwàásù, bí a kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ìlú kéré ju bí a ti rò lọ. Kí a má ṣe kàn sí àlùfáà àdúgbò rẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wa lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni, tí ó jáde ní 2023, béèrè irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú orúkọ àti àdírẹ́sì ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ni ìfẹ́ ti béèrè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni ó kọ̀wé, kí òbí tàbí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀, kí ènìyàn méjì nínú wa sì máa rí gbogbo ohun tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀.

Kí a sì mọ ibi tí agbára ìwé mọ. Jòhánù alàgbà ní púpọ̀ láti kọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí wọ́n fojú kojú ju kí ó lo ìwé àti tàdáwà lọ. Níbi tí ó bá ṣeé ṣe, kí lẹ́tà wa ṣamọ̀nà akẹ́kọ̀ọ́ dé ọ̀dọ̀ ìjọ kan tí yóò dì í lọ́wọ́ mú.

ÌPARÍ

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Olúwa ni ó rán wa níṣẹ́ yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ wa kọ́ wa ní kíkà àti kíkọ láìmọ ibi tí ọwọ́ wa yóò dé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ti fẹ̀yìn tì bá lè gba ìwé ìdáhùn márùn-ún lọ́sẹ̀ láti máàkì, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ìfìwéránṣẹ́ tí ó ń rọ ní ìjọ wa yóò tún mí. Kò béèrè ju gíláàsì ojú, kálàmù, Bíbélì, àti ọkàn tí kò gbàgbé pé ẹnìkan ń wo ọ̀nà. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀṢÀRÒ

1. Ka Jeremáyà 29:1–7. Ọ̀nà wo ni Jeremáyà lò láti dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹdè? Ọ̀nà wo ni ó ṣí sílẹ̀ ní àdúgbò tìrẹ?

2. Ka Kọ́ríńtì Kìíní 7:1, 8:1, 12:1, 16:1. Kí ni èyí kọ́ wa nípa dídáhùn ohun tí a bi wá?

3. Kí ni ìdí tí orúkọ nìkan kò fi tó láti dá akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀? Fi àpẹẹrẹ méjì láti agbo ilé rẹ hàn.

4. Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni íméèlì kan ti wá ní tòótọ́? Fi 2 Tẹsalóníkà 3:17 ṣàlàyé.

5. Ta ni ó kọ̀wé sí ọ, tí ìwọ kò tíì fún lésì? Ọjọ́ wo ni ìwọ yóò fèsì?